Lẹ́tà sí ẹ̀yin dókítà ojú wa ní Òṣogbo: Ẹ sọ ọ́ fún wa kí abẹ tó wọnú ojú

Ẹ̀yin dókítà ojú wa, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ ń bá wọn ṣiṣẹ́, ní Òṣogbo àti káàkiri Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú wàhálà àwa aláìsàn. Mo mọ̀ pé ẹ kò pọ̀, mo mọ̀ pé èrò tó ń tò sẹ́nu ọ̀nà yín láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ju ohun tí ọwọ́ yín ká lọ, mo sì mọ̀ pé púpọ̀ nínú wọn ti yà lọ́dọ̀ alágbo àti oníkẹ́míìsì kí wọ́n tó rántí yín. Ẹjọ́ kọ́ ni mo wá rò. Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín fún: kí ẹ tó gbé àgbàlagbà tí àìsàn màkúlà, ìyẹn àìsàn àárín ẹ̀yìn ojú, ń bá jà wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ jókòó ti òun àti àwọn ọmọ rẹ̀, kí ẹ fi Yorùbá tó yé ènìyàn sọ ohun tí abẹ náà lè dá padà, ohun tí kò lè dá padà, àti wàhálà tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ nígbà tí a bá ti délé.

Ìyá mi ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Aláró ni wọ́n, ní Òṣogbo ìlú aró. Ojú ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́: ojú ló ń sọ fún wọn bí aró ti mu aṣọ tó, ojú ló ń sọ fún wọn bóyá kí wọ́n tún un rì bọ̀ ọ́ tàbí kí wọ́n kó o lọ sá. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí pé kí n wá wo irin ojú fèrèsé, pé ó ti wọ́. Irin náà tọ́ gbọnrangandan. Ó tún ṣe díẹ̀, a jókòó ní pálọ̀, wọ́n tẹjú mọ́ mi, wọ́n ní, “Mo rí etí rẹ méjèèjì, mo rí fìlà orí rẹ, imú àti ẹnu rẹ ni n kò rí.”

Gbogbo ilé ló ní kátáráàtì ni. N kò bá ẹnikẹ́ni wí. Nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, 4.2 nínú 100 àwọn tó ti pé 40 ọdún sókè ni kò ríran mọ́, kátáráàtì ló sì fa nǹkan bí 43 nínú 100 ìfọ́jú náà. Ohun tí àdúgbò mọ̀ nìyẹn: wọ́n yọ èyí tó funfun kúrò, wọ́n fi gíláàsì kékeré rọ́pò rẹ̀, nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, bàbá ń ka Alùkùránì. Ìdí nìyí tí “a máa ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún Màmá” fi ń dùn létí wa ju bó ti yẹ lọ. Iwájú ojú ni kátáráàtì wà. Ẹ̀yìn pátápátá ni màkúlà wà, kò sì sí ẹni tó ń ta màkúlà tuntun.

Ẹ má bínú tí mo bá ń ṣàlàyé ohun tí ẹ mọ̀ jù mí lọ. Àwọn tó ń ka lẹ́tà yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ni mo ń ṣe é fún. Rẹ́tínà ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ sí ẹ̀yìn inú ẹyinjú, òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀ tó sì ń fi ohun tí a rí ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Màkúlà ni àárín gbùngbùn rẹ̀, kò fẹ̀ tó mìlímítà mẹ́fà. Ibi kékeré yẹn la fi ń kàwé, òun la fi ń ki òwú bọ ihò abẹ́rẹ́, òun la fi ń dá ojú ọmọ ẹni mọ̀. Tó bá ń kú lọ, ojú kì í ṣú pátápátá: ẹ̀gbẹ́ ṣì ń ríran, àárín ló ń lọ. Oríṣi méjì ni. Èyí tó gbẹ ló pọ̀ jù, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ó sì máa ń rọra rìn. Èyí tó tutù kò pọ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń yára ba ojú jẹ́: àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun tí kò lágbára á hù sábẹ́ màkúlà, wọ́n á máa jò, ẹ̀jẹ̀ sì lè ya síbẹ̀ lójijì. Èyí tó gbẹ ló wà lójú ọ̀tún ìyá mi. Èyí tó tutù ló wà lójú òsì.

Abẹ́rẹ́ ni ìtọ́jú èyí tó tutù, kì í ṣe abẹ. Inú ẹyinjú fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń gún un sí, lóṣooṣù ní ìbẹ̀rẹ̀, kó lè dá àwọn iṣan burúkú yẹn lẹ́kun. Bevacizumab, òògùn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún jẹjẹrẹ ìfun, ni owó rẹ̀ rọ̀ jù nínú wọn. Ìwádìí ńlá kan tí èsì rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2011 fi hàn pé kò gbẹ́yìn sí ranibizumab tó wọ́n jù ú lọ jìnnà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti kà á mọ́ àwọn òògùn kòṣeémánìí láti 2013. Abẹ́rẹ́ náà ní ewu tirẹ̀. Nínú nǹkan bí 2,000 sí 3,000 abẹ́rẹ́, kòkòrò àrùn lè bá ọ̀kan wọlé, kí ojú pọ́n, kó máa dunni, kí ìríran sì já wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí, wọ́n sọ fún wa, wọ́n sì sọ ọ́ dáadáa. Owó ló dá wa dúró. Ọjà àdìrẹ kò yá, abẹ́rẹ́ kan fò, òmíràn fò, ẹ̀jẹ̀ sì ya sábẹ́ màkúlà ojú òsì.

Ilé ìwòsàn kan tí kò sí ní ìpínlẹ̀ wa ló gbà wá fún iṣẹ́ abẹ. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé fọ́ọ̀mù wá. Gẹ̀ẹ́sì ni láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn lẹ́tà rẹ̀ kéré débi pé èmi gan-an ní láti sún un mọ́jú. Wọ́n ki bírò bọ ìyá mi lọ́wọ́, wọ́n gbé ọwọ́ wọn sórí ìlà tí wọ́n máa kọ orúkọ sí. Ẹni tó jẹ́ pé màkúlà rẹ̀ ló ń kú! Wọn kò rí ìlà náà, ká má tíì sọ pé wọ́n ka ohun tó wà lókè rẹ̀. Wọ́n bi dókítà léèrè pé, “Ọmọ mi, ṣé màá tún padà máa mọ ojú aró?” Ó ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá, Ọlọ́run á ṣe é.” Ìyá mi ṣe àmín, èmi náà ṣe àmín. Gbogbo àlàyé tí a gbà nìyẹn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, inú wa dùn sí dókítà tó bá ń dárúkọ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ìyá mi bi í, ó ní ìdáhùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdáhùn náà kò gùn. Wọ́n á lu ihò kéékèèké mẹ́ta sí ibi funfun ojú. Wọ́n á fa omi yíyọ̀ tó kún inú ẹyinjú jáde. Wọ́n á gbìyànjú láti sún ẹ̀jẹ̀ kúrò lábẹ́ màkúlà, wọ́n á sì fi gáàsì dí àyè omi tí wọ́n fà. Bó bá yọrí sí rere, ẹ̀jẹ̀ á kúrò, bóyá ẹ̀gbẹ́ ojú á sì mọ́lẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n apá màkúlà tó ti kú kí ẹ̀jẹ̀ tó ya, àti apá tí ẹ̀jẹ̀ náà pa, abẹ kò lè jí i. Màmá, ó ṣeé ṣe kí ẹ máà lè mọ ojú aró mọ́. Ẹ lè sọ èyí fún aláró, kò ní kú. Ohun tó ń pani ni kéèyàn retí, kó sì máa retí lọ.

Kì í ṣe àṣírí àwọn dókítà nìkan rárá. Robert Machemer, ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Miami, ló gbé irú iṣẹ́ abẹ inú ojú yìí kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, láti ìgbà yẹn ni wọ́n sì ti ń wá bí wọ́n ṣe máa fi gba màkúlà là. Ní 1993, òun fúnra rẹ̀ gbé ìròyìn jáde nípa ọ̀nà kan tó fi gé rẹ́tínà yípo, tó sì yí i kúrò lórí ibi tó ti bàjẹ́ sórí ibi tó ṣì sàn. Àwọn kan ríran sí i. Àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan kan ní méjì, tàbí kí ayé dagun lójú wọn, rẹ́tínà ẹlòmíràn sì tú. Nígbà tí èsì Submacular Surgery Trials jáde ní Amẹ́ríkà ní 2004, apá kan nínú rẹ̀ bá ọ̀ràn ìyá mi mu gan-an: 336 àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ wà lábẹ́ màkúlà wọn, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún apá kan, wọ́n kàn ń ṣọ́ apá kejì. Iṣẹ́ abẹ dín iye àwọn tí ojú wọn bàjẹ́ kọjá ààlà kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò mú kí àwọn tí ojú wọn dúró tàbí tó sàn pọ̀ sí i. Rẹ́tínà tú lójú 16 nínú 100 àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Lápá kejì, 2 nínú 100 ni.

2004 ti pẹ́, mo gbà. Ihò tí ẹ ń lu lónìí kéré ju ti ìgbà náà, ẹ sì ń fi abẹ́rẹ́ màkúlà tì í lẹ́yìn, èyí tí kò sí lọ́wọ́ àwọn tó ṣe ìwádìí yẹn. Ẹ fi iye ti òde òní rọ́pò 16 yẹn nígbà tí ẹ bá ń bá wa sọ̀rọ̀. Iye kan ṣáà ni kí a gbọ́.

Ó wá kan ilé. Wọ́n ní kí ìyá mi dojú bolẹ̀. Òkè ni gáàsì máa ń lọ, nítorí náà ẹ̀yìn ojú ló gbọ́dọ̀ wà lókè kí gáàsì tó lè tẹ màkúlà mọ́lẹ̀, kó sì lé ẹ̀jẹ̀ kúrò níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀. “Kí wọ́n dojú bolẹ̀” nìkan la gbọ́. Ẹ wá ro ilé Yorùbá tí àgbàlagbà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé. Ìyá Àdínì dé, àwọn ìyàwó àbúrò dé, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Ọjà Ọba dé pẹ̀lú ọsàn àti búrẹ́dì. “Ẹ kú ara líle o, ẹ gbójú sókè ká rí yín.” Ìyá mi, tí kò lè gbọ́ kí àlejò kí òun kí òun má kí i padà, á gbórí sókè, á rẹ́rìn-ín, á dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan, á béèrè àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé lópòópónà wa ló wọlé tó pariwo pé kí gbogbo ènìyàn jáde. Òun ló wá tábìlì kékeré, tó to ìrọ̀rí méjì sí i lórí, tó fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn fún imú àti ẹnu kí ìyá mi lè mí, tó sì gbé iwájú orí wọn lé e. Ó ní kí wọ́n máa jókòó kírun, kí wọ́n bi dókítà kí wọ́n tó forí kanlẹ̀. Gbólóhùn kan láti ẹnu yín, “ẹ má gba àlejò lọ́sẹ̀ yìí”, ì bá ti gba ohun púpọ̀ là.

Lóru ọjọ́ kan, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn, ojú náà ń dùn wọ́n dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n sì bì. Ibà ni, a ní ibà ni. Ta ni kì í sọ bẹ́ẹ̀ nílùú yìí? Oníkẹ́míìsì gún wọn lábẹ́rẹ́ ibà, ó fi oògùn taifọ́ọ̀dù kún un. Ilẹ̀ mọ́, kò lọ. A pe nọ́ńbà tó wà lórí káàdì ọsibítù, ó ń dún lásán. Dókítà ojú kan níbí, ní Òṣogbo, ló wọn ojú wọn, ó ní ìfúnpá inú rẹ̀ ti ga kọjá bó ti yẹ, ó sì fún wọn lóògùn tó ń fà á wálẹ̀. Ó mọ ara rẹ̀. Ọlọ́run á máa bá a ṣe é. Òun ló ṣàlàyé pé gáàsì lè fẹ̀ láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, kó sì ká omi ojú mọ́ inú, àti pé orífífọ́ pẹ̀lú èébì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ojú kì í ṣe ohun tí à ń gbé lọ sí kẹ́míìsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn pé ibà ni orúkọ tí a ń fún gbogbo orífífọ́. Bí ẹ kò bá dárúkọ àmì yìí fún wa tẹ́lẹ̀, ibà la máa tọ́jú títí ojú á fi lọ.

Nígbà tí gáàsì ń tán lọ, ìyá mi ní mànàmáná kéékèèké ń kọ lójú náà. Lẹ́yìn rẹ̀, òjìji dúdú kan bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ imú, ó ń fẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé kò yẹ kí òjìji wá. Bí ojú ṣe ń jinná nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa gbà. Rẹ́tínà ló ń tú, bí láínì inú kóòtù ti ń já kúrò lára aṣọ: etí kan ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, tí wọn kò bá sì tètè rán an, á já délẹ̀. Nígbà tí a fi padà dé ilé ìwòsàn tó ṣiṣẹ́ abẹ náà, àpá ti ń fà á ṣù. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ kejì, òróró sílíkónì ni wọ́n rọ síbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, òróró tó jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ mìíràn ni wọ́n sábà fi ń yọ ọ́. Kátáráàtì tún bo ojú náà. Òun náà kì í ṣe àjèjì: ẹni tó bá ti lé ní 50 ọdún tí wọ́n sì fa omi inú ojú rẹ̀, kátáráàtì sábà máa ń yọ níbẹ̀ láàárín ọdún méjì. Ìgbà tó dé ni wọ́n sọ fún wa pé ó máa ń dé. Lónìí, bí a bá ju ọwọ́ níwájú ojú òsì ìyá mi, wọ́n á mọ̀ pé nǹkan ń mì. Ibi tó mọ nìyẹn.

N kò sọ pé ọwọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ náà burú. Rẹ́tínà lè tú lẹ́yìn ọwọ́ tó dára jù láyé. Ìdákẹ́ rẹ̀ ni mo ń bá wí. Bí wọ́n bá sì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún wa, ó ṣeé ṣe kí ìyá mi ṣì ní kí wọ́n ṣe é. Àwọn tó mọ̀ wọ́n mọ̀ pé wọn kì í sá fún nǹkan. Ṣùgbọ́n à bá má gba àlejò, à bá má wá oníkẹ́míìsì, ọjọ́ tí mànàmáná àkọ́kọ́ kọ là bá sì ti wọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé wa ká. Lẹ́yìn tí ojú òsì lọ tán, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ọmọ kéékèèké kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n wọ aṣọ aláràbarà, wọn kì í sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń kọjá. Wọn kò kọ́kọ́ sọ fún ẹnikẹ́ni; ọmọ ọmọ wọn ló gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, “Ẹ̀yin wọ̀nyí náà tún ti dé.” Àǹtí wa kan ní ẹgbẹ́ ọ̀run ni. Ẹlòmíràn ní ọpọlọ ti ń lọ, pé kí a má fi wọ́n sílẹ̀ nítòsí iná mọ́. Wọ́n pe áfáà, wọ́n fọ hàǹtú, ìyàwó ilé kan tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ sì di ẹni tí wọ́n ń wò tìfura-tìfura. Bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n ti mọ̀ láti 1760 ni. Ọmọ Switzerland kan, Charles Bonnet, kọ ọ́ nípa bàbá rẹ̀ àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń lọ: orí bàbá náà pé pérépéré, síbẹ̀ ó ń rí àwọn ènìyàn àti ẹyẹ tí kò sí níbẹ̀. Ọpọlọ tí ojú kò fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mọ́ ló ń ya àwòrán fúnra rẹ̀. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe àjẹ́, àwọn tí màkúlà wọn ti bàjẹ́ sì wà lára àwọn tó sábà máa ń ṣe jù. Nígbà tí dókítà Òṣogbo yẹn ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ò bá ti bi mí bóyá mo gbà pé wọ́n wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé wọn ò sí.” Ẹ̀yin dókítà, ẹ máa fi ẹnu ara yín béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà, nítorí wọn kò ní sọ ọ́. Ẹ béèrè níwájú àwọn ọmọ wọn.

Ẹ kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ọkọ̀ òfuurufú. Gáàsì tó wà lójú á fẹ̀ bí ọkọ̀ bá gòkè, á ti ìfúnpá ojú sókè, ó sì lè dí ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí rẹ́tínà kí ọkọ̀ tó balẹ̀. Gáàsì SF6 máa ń pẹ́ tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó tán, C3F8 lè tó oṣù méjì. Bàbá kan ní mọ́ṣáláṣí wa ti san owó Háájì pé, gáàsì ṣì wà lójú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá a sọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ òfuurufú níbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ọ̀rọ̀ tí èmi àti ọmọ rẹ̀ ń sọ nípa ìyá mi ló tú u fó. Kí ẹ bi onísìláàmù Òṣogbo tó ti dàgbà pé, “Ṣé ẹ fẹ́ lọ sí Mẹ́kà lọ́dún yìí?”, kì í ṣe àwàdà, ìbéèrè ìṣègùn ni. Gáàsì amúnisùn tí wọ́n ń pè ní nitrous oxide náà kò gbọdọ̀ kan ẹni tí gáàsì wà lójú rẹ̀, nítorí náà ó yẹ kó ní nǹkan kan lọ́rùn ọwọ́ tó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ọsibítù mìíràn.

Lórí WhatsApp báyìí, fídíò kan ń lọ káàkiri pé wọ́n ti rí ẹ̀rọ tó ń la ojú màkúlà. Àwọn èèyàn ti ń fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀rọ náà wà lóòótọ́, PRIMA ni wọ́n ń pè é, mìlímítà méjì ní òró àti ìbú, abẹ́ rẹ́tínà ni wọ́n ń fi í sí fún àwọn tí màkúlà gbígbẹ ti jẹ àárín ojú wọn run, wọ́n á sì máa wo nǹkan nípasẹ̀ awò kan tó ní kámẹ́rà. Èsì rẹ̀ jáde ní October 2025. Ènìyàn 38 ni wọ́n fi í sójú. Nínú 32 tí wọ́n yẹ̀ wò lẹ́yìn ọdún kan, 26 ló ka lẹ́tà sí i dé ìwọ̀n tó jọjú. Ohun tí fídíò kò sọ ni pé nínú àwọn 38 náà, 19 ló ní wàhálà tó le, púpọ̀ rẹ̀ láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ lẹ́yìn ìtọ́jú. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà fúnra wọn ló kọ iye yìí síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìròyìn ayọ̀ wọn. Irú rẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín fún.

Ẹ jẹ́ kí fọ́ọ̀mù wà ní Yorùbá, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà, kí ẹnìkan sì kà á sókè kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i. Tí ẹ bá parí àlàyé, ẹ ní kí aláìsàn tún un sọ fún yín lẹ́nu ara rẹ̀. Ibi tó bá ti sọ pé “màá padà máa kàwé”, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò tíì yé ara wa. Ẹ sọ ọ̀nà mìíràn tó wà pẹ̀lú: kí á máa gún abẹ́rẹ́ lọ, kí á máa ṣọ́ ojú náà, kí á wá gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi. Ẹ sọ owó iṣẹ́ abẹ kejì tó lè tẹ̀lé ti àkọ́kọ́, kí á mọ̀ bóyá ká ta ilẹ̀ tàbí ká má tà á. Ẹ béèrè oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì tí àgbàlagbà ń lò, nítorí àwọn ìyá wa kì í ka áspírìn mọ́ oògùn. Kí a sì gba ìwé pélébé kan lọ sílé: bí ojú bá ń dunni gan-an, bí èébì bá ń gbéni, bí ojú bá pọ́n tí ìríran sì já wálẹ̀, bí mànàmáná bá ń kọ, bí òjìji bá ń bò ó, nọ́ńbà tí à á pè rèé, lọ́sàn-án tàbí lóru.

Bó bá jẹ́ pé àyè àtikọ Yorùbá náà ni kò sí, olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí níbí, mo sì ní àwọn ẹlẹgbẹ́ tó ṣe tán. Ẹ fún wa ní ti Gẹ̀ẹ́sì, a ó dá a padà fún yín ní Yorùbá tó ní àmì ohùn, a kò ní gba kọ́bọ̀. Àwọn alágbo ojú ń gba àyè lórí rédíò lójoojúmọ́. Ẹ̀yin náà ẹ lọ sí Ilé Awíyé, ilé iṣẹ́ rédíò ìpínlẹ̀ wa, ní Òkè-Baálẹ̀, kí ẹ sọ fún ará ìlú pé irin fèrèsé tó bá ń wọ́ lójú ènìyàn, kò yẹ kó sun ọ̀sẹ̀ kan nílé. Ti owó abẹ́rẹ́, ìjọba ni ọ̀rọ̀ yẹn kàn ju ẹ̀yin lọ. Òfin ìbánigbófò ìlera tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ará Nàìjíríà. Ẹ bá wa bi àwọn tó ń darí rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa bóyá abẹ́rẹ́ màkúlà wà nínú rẹ̀.

Ìyá mi ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lóṣù tó ń bọ̀ nítorí ojú ọ̀tún. Wọ́n ti ní kí n jókòó kọ ìbéèrè sílẹ̀ fún wọn. Èyí tí wọ́n ní kí n fi síwájú nìyí: “Bó bá ṣe mí lóru, ta ni màá pè, ṣé onítọ̀hún á sì gbé fóònù?”

Èmi ni,
Ọmọ aláró kan, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo.